Àkàrà Òyìnbó ní Ìwáyà: Ìtàn Ìyẹ̀fun Nínú Ilé Wa

Ìkòkò tí màmá mi fi ń se ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ sọ di ófùn. Mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo to agolo mílíìkì mẹ́fà tí mo ti fi bọ́tà pa nínú sórí yanrìn náà, mo sì dé e. Èédú wà lábẹ́, èédú wà lórí ìdérí. Kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, àwọn ayálégbé yàrá mẹ́jọ tí a jọ ń lo ilé ìdáná kan ti jáde wá wo ohun tó ń jó. Ìsàlẹ̀ kéèkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, àárín wọn ṣì ń ṣàn bí ògì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò wọn ni màmá mi máa sọ. Wọn kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ìyẹ̀fun mélòó lo lò?" Mo ní dẹ́ríkà kan ààbọ̀ ni, mà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá wọn, ìyá àgbà tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí wọn kí wọ́n ta búrẹ́dì rí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n ní kí n má bínú sí màmá mi. Wọ́n ní ìyẹ̀fun ti ṣe wá ní nǹkan rí nínú ilé yìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí ìtàn. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ SS2 kọ nípa ogun Kírìjì. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ nípa Ọba Kòsọ́kọ́ àti bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ọkọ̀ ogun yìnbọn sí Èkó ní 1851. Nígbà tí mo ní èmi fẹ́ kọ nípa kéèkì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Àkàrà òyìnbó ni àwọn àgbà ń pe kéèkì. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, àkàrà ni wọ́n fi dúró fún búrẹ́dì ní ibi púpọ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí ìwúkàrà àti àìwúkàrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àkàrà gbígbóná tí wọ́n dín nínú epo ni Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn pẹ̀lú ẹja, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀, nítorí oúnjẹ àárọ̀ Sátidé wa ni. Àkàrà náà kò sì jókòó sílé. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní acarajé títí dòní. Ní 2005, ìjọba Brazil fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn.

Kéèkì inú ife náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Amelia Simmons, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde ní 1796, ó sì sọ nínú rẹ̀ nípa kéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè yan nínú àwọn ife kéékèèké. Ní 1828, Eliza Leslie, obìnrin Amẹ́ríkà mìíràn, lo orúkọ náà gan-an, cup cake, nínú ìwé tirẹ̀. Lára ife tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni orúkọ yẹn ti wá fún àwọn kan, fún àwọn mìíràn ó jẹ́ ife tí wọ́n fi ń yan án. Àgbẹ́kẹ̀lé kò sí lórí ófùn ayé ìgbà náà. Kéèkì ńlá máa ń jóná lẹ́bàá kí àárín rẹ̀ tó jinná, ti inú ife sì máa ń tètè jinná. Nígbà tí mo kà á, mo wo agolo mílíìkì mi, mo rántí mọ́ín-mọ́ín alágolo tí wọ́n ń tà níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa. Ohun kan náà ni. Obìnrin tó ń se é kò ka ìwé Simmons, àmọ́ ó mọ̀ pé ohun tó bá kéré kì í pẹ́ jinná.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹun káàkiri pẹ̀lú owó oúnjẹ ọ̀sán tí mo ń tọ́jú. Mo lọ sí Sábó ní Yábàá, mo jẹ máásà àwọn Hausa: ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó wú mọ́jú, tí wọ́n wá dà sínú àwo tó ní kòtò kéékèèké lójú. Kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní sọ pé kéèkì inú ife ni. Lẹ́yìn náà, mo bá ọmọ kíláàsì mi kan tó jẹ́ Ègùn wọ ọkọ̀ ojú omi ní Makoko, tí kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n tí màmá mi kì í fẹ́ kí n dá lọ. Ìyá rẹ̀ fún mi ní àblò, tí àwọn ènìyàn wọn ní Benin àti Togo ń jẹ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí àgbàdo ni, ó dùn díẹ̀, ìwúkàrà ti wú u, ooru omi ni wọ́n sì fi sè é. Kò sí ófùn, kò sí èédú lórí ìdérí. Ẹja yíyan ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mo jẹ mẹ́ta. Ọ̀nà ilé ni mo wà tí mo fi ń ronú pé èmi tí mo ti ń jó kéèkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó lè kọ́ mi kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí mi.

Báwo wá ni ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe wọ ẹnu wa tó báyìí, nígbà tí a ní ẹ̀wà, ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́? Ọkùnrin kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Amos Shackleford ni orúkọ rẹ̀, ará Jamaica ni. Wọ́n bí i ní 1887, ó sì dé Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Nígbà náà, rélùwéè nílò àwọn tó mọ̀wé, àwọn òyìnbó sì ń gba àwọn ènìyàn dúdú láti erékùṣù West Indies wá ṣe é. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Kì í ṣe owó nìkan ni ọkùnrin náà ń lé. Ó wà lára àwọn tó darí ẹ̀ka ẹgbẹ́ Marcus Garvey ní Èkó, ẹgbẹ́ tó ń sọ pé kí ènìyàn dúdú dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó má dúró de aláwọ̀ funfun. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ sì jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ẹ̀rọ tó gbé wá. Irin róbótó méjì ni, wọ́n ń yí lórí ara wọn. Wọ́n á ki ìyẹ̀fun pípò sáàárín wọn, yóò jáde ní pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi máa dán bí aṣọ àrán. Ẹ̀rọ yìí ni kì í jẹ́ kí búrẹ́dì wa ní ihò nínú bíi ti àwọn òyìnbó. Òun ló mú kó ki, kó fà, kó sì lè rọra wọ inú ẹ̀wà láì túká. Búrẹ́dì Jamaica náà rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn ènìyàn wá ń pe Shackleford ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana báyìí. Ó kú ní 1954. Nígbà tó ṣe, àwọn ilé búrẹ́dì Agége gba iṣẹ́ náà ṣe débi pé orúkọ ìlú wọn ni gbogbo Nàìjíríà fi ń pe búrẹ́dì náà. N kò bínú sí Agége o. Àmọ́ Ẹ̀bútè Mẹ́tta, tó wà lẹ́bàá wa níbí, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà dúró.

Mo rìn lọ sí Oyíngbò lọ́jọ́ Sátidé kan láti bèèrè rẹ̀. Mo bi oníbúrẹ́dì mẹ́ta bóyá wọ́n mọ Shackleford. Ọ̀kan ní bóyá mò ń wá ilé ayálégbé. Èkejì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ní bí n kò bá ní ra búrẹ́dì kí n jọ̀wọ́ kúrò níwájú ọjà òun. Mo ra á. Ó ki, ó fà.

Lẹ́yìn òmìnira ni ìyẹ̀fun wá pọ̀ gan-an. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria sílẹ̀ ní 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá ní 1962. Ọkọ̀ ojú omi á gbé àlìkámà láti Amẹ́ríkà, á gúnlẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, ilé búrẹ́dì á gbà á. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò láàárín ọdún 1970 sí 1980, kò sẹ́ni tó béèrè iye tí àlìkámà náà ń ná wa. Oúnjẹ òde náà yí padà. Àwọn tó ní owó máa ń jẹ kéèkì ní ṣọ́ọ̀bù Kingsway ní Marina. Ní 1986, ilé iṣẹ́ UAC sọ ibi ìjẹun inú Kingsway di Mr Bigg's, wọ́n sì ń ta míìtì páì, dónọ́ọ̀tì àti kéèkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ìdí ẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní 1986 kan náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lágbàáyé, ìjọba ológun Babangida sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, wọ́n fi òfin de àlìkámà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e wọ Nàìjíríà mọ́.

Ohun tó kù nínú ìtàn yìí, ẹnu ìyá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ.

Aago mẹ́rin àárọ̀ ni wọ́n máa ń kúrò ní Ìwáyà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, wọ́n á sì gbé búrẹ́dì gbígbóná lórí padà wá. Àwìn ni wọ́n ń gbà á. Tí wọ́n bá tà á tán lọ́sàn-án, wọ́n á lọ san owó. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti tà dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Búrẹ́dì yìí ni wọ́n fi rán màmá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjì lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí òfin dé, oníléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ dín búrẹ́dì kù láì dín owó kù. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí àwìn mọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ̀fun àgbàdo lú u. "Ó ń fọ́ lọ́wọ́ oníbàárà," ni ìyá àgbà wí. "Wọ́n á ní èmi ni mo tà á fún wọn. Mo dá owó padà títí mi ò fi ní owó tí mo lè dá padà mọ́." Ìyẹ̀fun fàyàwọ́ ń gba ẹnu ibodè Benin wọlé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ilé búrẹ́dì kékeré lọ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì náà.

Màmá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n wà ní JSS 2. Owó wà fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn láti parí, kò sí fún wọn. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ní 1992 ni ìjọba gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ọkọ̀ àlìkámà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní Àpápá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Màmá mi ti di ẹni ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Wọn kò padà sí JSS 2.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn bóyá òfin yẹn dára tàbí kò dára. Ìdí tí ìjọba fi ṣe é yé mi. Àlìkámà fẹ́ràn òtútù, ilẹ̀ tó bá a mu ní Nàìjíríà kò pọ̀, ìhà Kano àti Borno ni wọ́n ti máa ń bomi rin ín nígbà ọyẹ́. Owó ilẹ̀ òkèèrè tí a ń ná lé e kì í ṣe kékeré, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sì ń wò wá. Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n òfin yá ju irúgbìn lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbin nǹkan tí a máa jẹ, ẹni tí wọ́n sì tì í mọ́ jẹ́ obìnrin tó ń gbé búrẹ́dì lórí. Àwọn tó ń jẹ kéèkì ní Marina ń bá a lọ. Ìyẹn ni èmi kà sí àbùkù rẹ̀, n kò sì rí i nínú ìwé ìtàn kankan tí a ń lò ní kíláàsì.

Àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Láyé Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun fi ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pò ó. Àwọn onímọ̀ FIIRO ní Òṣòdì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní òpin 2011, Akínwùmí Adésínà, mínísítà ètò ọ̀gbìn, gbé búrẹ́dì tó ní ẹ̀gẹ́ ìdá ogójì síwájú Ààrẹ Jonathan, wọ́n sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó ti pẹ́ báyìí, n kò sì tíì rí irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ní Ìwáyà.

Mo pinnu láti dán an wò fúnra mi. Láfún ni mo kọ́kọ́ lò nítorí òun ló wà nílé, ṣùgbọ́n láfún ti kan. Kéèkì náà ń rùn bí omi ògì ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò mi ọkùnrin, tí kì í kọ nǹkan, kọ̀ ọ́. Mo wá rí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ sómi rà ní ọjà. Mo fi ṣíbí wọn: nínú ṣíbí mẹ́wàá, ọ̀kan ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tó ní ẹ̀gẹ́ ṣíbí kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé. Ti ṣíbí méjì gbẹ díẹ̀. Ti ṣíbí mẹ́rin ń fọ́ létí, ṣùgbọ́n ó wú, ó sì dùn. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń fà bí rọ́bà, glúùtẹ́nì ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì kò lè ṣe láìsí i, nítorí òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Kéèkì kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹyin ń ràn án lọ́wọ́. Bóyá kéèkì ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe búrẹ́dì, àmọ́ ta ló máa gbé kéèkì inú agolo síwájú Ààrẹ?

Mo tún yí ìkòkò náà padà. Dípò yanrìn, mo da omi sísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi aṣọ tó mọ́ bo àwọn agolo lórí, mo sè é bí wọ́n ṣe ń se àblò ní Makoko. Kò jóná. Funfun ni, ó rọ̀ bí tìmùtìmù.

Ìyá àgbà kò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan lórí, wọ́n dúró wò ó bóyá yóò padà sókè. Ó padà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe máa ń yan búrẹ́dì tí àwọn máa gbé nídàájí, èyí tí kò bá padà sókè, àwọn á fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Wọ́n wá béèrè bóyá bọ́tà wà.

Màmá mi wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọn kò wo ọ̀dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bù ú sínú dẹ́ríkà, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e lórí títí ó fi tẹ́, kò kún ju, kò sì dín. Wọ́n ní dẹ́ríkà kan lọ́sẹ̀ kan, kí n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, iye tí mo lò àti iye kéèkì tó jáde. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti kún.